Lórí Àpáta Ìdànrè, Lábẹ́ Àpáta Ìsàrun

Àwọn tí a jọ ń gbé Àkúrẹ́ máa ń sọ pé kò síbi tí èèyàn lè lọ lópin ọ̀sẹ̀ ju òde ìnáwó lọ. Bí kò bá sí ìsìnkú, ìgbéyàwó á wà. Bí kò bá sí ìgbéyàwó, ìkómọ ò ní wọ́n. Èmi náà máa ń wọ aṣọ ẹbí, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí á dàgbà, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á bá iṣẹ́ lọ sí Èkó tàbí Àbújá, wọn ò sì ní gbọ́ ọ rí pé egungun èèyàn tó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni wọ́n ti wú u jáde. Ibẹ̀ ò tó ọgbọ̀n kìlómítà sí Àkúrẹ́. Ìsàrun ni wọ́n ń pe ìlú náà, Ihò Eléérú sì lorúkọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Òkè Ìdànrè ní tirẹ̀ lókìkí. Àwòrán rẹ̀ wà lórí kàlẹ́ńdà, ó wà lórí fóònù gbogbo ọmọ ilé ìwé gíga tó ti gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún àgbáyé láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2007. Síbẹ̀, bí mo bá bi àwọn tó ti gun òkè náà léèrè ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ó ga, pé ẹsẹ̀ dun àwọn, pé atẹ́gùn orí ibẹ̀ tutù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ni òkè yẹn. Àwọn èèyàn bímọ síbẹ̀, wọ́n dájọ́ níbẹ̀, wọ́n fi ọba jẹ níbẹ̀, wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀. Ihò Ìsàrun náà, ilé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi so àwọn ibi méjèèjì pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, Sátidé fún Ìdànrè, Sọ́ńdè fún Ìsàrun. Èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa la jọ lọ, ọmọbìnrin tó wà ní SS2 tó sì ń bi èèyàn ní ìbéèrè títí ẹnu á fi gbẹ.

A gba Òkè-Àró jáde kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà Ìdànrè kì í sú mi. Oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó sì rí èso rẹ̀ tí wọ́n sá sí iwájú ilé, tí ọmọdé kan á máa fi ẹsẹ̀ tú u ká kí ó lè gbẹ dọ́gba. Òórùn rẹ̀ kan díẹ̀díẹ̀, ó sì dùn, ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Oǹdó á mọ̀ ọ́n lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè igi. Èyí àkọ́kọ́ á dà bíi pé òun nìkan ni. Kí ẹ tó dé Àlàdé, wọ́n á ti yí yín ká.

Àbúrò mi, tó kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì, ló ṣàlàyé fún ọmọ náà bí àwọn àpáta yìí ṣe dé ibi tí wọ́n wà. Ó ní abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni akọ òkúta yìí ti yọ́ bí iná, tó sì tutù díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn hóró funfun àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ńláńlá lára rẹ̀: òkúta tó bá tutù kíákíá kì í ráyè hu hóró tó tóbi. Ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ni òjò àti àgbàrá ń wẹ̀ lọ láti ìgbà náà wá, títí orí rẹ̀ fi yọ. Bí ẹrù ilẹ̀ yẹn sì ṣe kúrò lórí rẹ̀ ló ń sinmi, tó ń là, tó ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ọmọ náà wo àpáta, ó wo àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ó ní, "Ṣé wọn ò gbé e wá síbẹ̀ ni? Òun ló ti wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló lọ?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ti gun òkè yìí ṣáájú, n kò tíì gbọ́ ọ kó ṣe kedere báyìí rí.

Ìdànrè mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ òkè: Òdòdé, Àlàdé àti Àtòsìn. Òdòdé ni àtẹ̀gùn wà. A sanwó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n fún wa ní bàbá kan tí yóò mú wa rìn. Ìdànrè ni wọ́n bí bàbá náà sí, orí òkè ni wọ́n sì bí ìyá ìyá rẹ̀ sí. Kò pè mí ní orúkọ rí ní gbogbo ọjọ́ náà. "Àǹtí" ni mo jẹ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi.

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì náà lé ní 660, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè jókòó sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ kan sáré kọjá lára wa, wọ́n ń ka àtẹ̀gùn sókè bí ẹni ń ka owó, a tún bá wọn ní ìjókòó kejì tí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja. Bàbá kò sáré. Ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbígbé kan náà láti ìsàlẹ̀ dókè, kò dúró, kò yára, kò sì mí gúlegúle. Ó ní kó tó di pé wọ́n ṣe àtẹ̀gùn, ara àpáta lásán ni wọ́n ń gùn, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyá àgbà rẹ̀ máa ń sọ fún wọn pé obìnrin tí kò bá lè ru iṣu gun òkè láìfọwọ́ kan ẹrù, wọn kì í tètè fẹ́ ẹ. Mo wo ẹsẹ̀ mi nínú bàtà tí mo rà nítorí ìrìn yìí, mo ń ro ẹsẹ̀ lásán lórí àpáta tó gbóná.

Bí ẹ bá dé òkè tán, ẹ má tíì wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹwà, òrùlé páànù Òdòdé tàn kálẹ̀ láàárín àpáta, igbó sì lọ títí ojú fi ń ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín ni ìlú wà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú wà láàárín àwọn òkè náà, ó gbà ilé, ó gbà ọjà, ó gbà oko díẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún làwọn ará Ìdànrè fi gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí ní ayé ogun, nígbà tí wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú láti oko, kò ní béèrè ìdí. Àpáta ni odi wọn. Ọ̀tá tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ gun òkè tó máa gba èémí rẹ̀, àwọn tó wà lókè á sì ti rí i tipẹ́.

Ààfin Ọwá àtijọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Ògiri amọ̀ ni, pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ àti àgbàlá. Mo dúró nínú àgbàlá náà, mo ń wo bí wọ́n ṣe fi oòrùn àti òjìji pín in. Ẹni tó kọ́ ọ mọ ibi tí ọba máa jókòó sí láàárọ̀ kí oòrùn má fojú rẹ̀ ṣe é, ó mọ ibi tí omi òjò máa gbà jáde, ó mọ ibi tí ẹni tó wá ṣẹjọ́ máa kúnlẹ̀ sí. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí sìmẹ́ǹtì. Amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ni, igi tí wọ́n gbé gun òkè ni, iṣẹ́ àárò ni. Bàbá fọwọ́ kan òpó kan, ó kí i bí ẹni ń kí àgbàlagbà, kò sì ṣàlàyé. N kò béèrè.

Nítòsí ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà, tí wọ́n ní ọdún 1906 ni wọ́n kọ́ ọ. Ilé ẹ̀wọ̀n wà, ilé ẹ̀kọ́ wà. Ẹ rò ó wò: òyìnbó tó ń ṣàkóso nígbà náà pàápàá gun òkè. Bí ìjọba tuntun bá fẹ́ dájọ́ fún Ìdànrè, àfi kó gun àpáta lọ bá wọn nílé. Àmọ́ nígbà tó yá, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ogun ti tán, mọ́tò ti dé, kòkó sì ń fẹ́ ilẹ̀ tó rọ̀. Kòkó kì í hù lórí àpáta. Bàbá ní ìyá àgbà òun máa ń sọ pé ẹkún làwọn kan fi sọ̀ kalẹ̀, àwọn kan sì lọ́ra títí ara fi kọ̀ fún wọn láti gòkè mọ́.

Wọ́n mú wa dé ibi ẹsẹ̀ Agbógun. Ojú ẹsẹ̀ kan ni lára àpáta, wọ́n sì gbà pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ì báà jẹ́ ti ọmọ ọwọ́ tàbí ti òmìrán, àyàfi tó bá jẹ́ ti àjẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu. Àbúrò mi ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu. Èmi náà ki tèmi bọ̀ ọ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi rí i pé ó gbà, n ó sì sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an. Wọ́n fi Omi Àpáàrá hàn wá, omi tí wọ́n so mọ́ ààrá, tí wọ́n ń bu fún ìwòsàn. Wọ́n tọ́ka sí òkè Òróṣùn, tó ga ju gbogbo ìyókù lọ, tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. A kò gun ìyẹn. Kì í ṣe òkè tí èèyàn kàn ń gùn nítorí fọ́tò.

Ibi tí omi ti ń rin lára àpáta ni àbúrò mi ti dá wa dúró, ó ní ká wolẹ̀ dáadáa. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé, àfi lórí òkè Ìdànrè yìí. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀. Sclerophrys perreti ni wọ́n ń pè é báyìí. Lẹ́yìn náà ó pòórá lójú àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan sì ti ń bẹ̀rù pé ó ti run, àfi ìgbà tí àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Nàìjíríà tún rí i níbẹ̀ lọ́dún 2013. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì hu ẹsẹ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún bí ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yòókù. Ara àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi dàgbà. Omi tó tinrin báyẹn, bàtà kan ṣoṣo lè dí i, ọṣẹ tí ẹnì kan fi fọ ọwọ́ lókè lè bà á jẹ́. Bàbá mọ ọ̀pọ̀lọ́ náà. Kò mọ orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé, ó sì ní kì í ṣe tuntun lójú òun, òun ò sì gbọ́ ọ rí pé ó sọnù.

Ohun kan bí mi nínú lórí òkè yẹn, n kò ní fi bò. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń kọ orúkọ ara wọn sára ògiri àti àpáta. Èédú ni àwọn kan fi ń kọ, àwọn mìíràn ra ọ̀dà wá láti ilé. Orúkọ ọkùnrin, àmì ìfẹ́, orúkọ obìnrin, ọdún. Ilé onílé ni. Ta ló máa lọ sí ilé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó fi ọ̀dà kọ orúkọ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sára ògiri pálọ̀?

A sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, orúnkún ń gbọ̀n, a jẹ iyán ní Òdòdé, a sì padà sí Àkúrẹ́ láti sùn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, a gba apá Ìlárá-Mọ̀kín, a wọ ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀dọ́rẹ títí dé Ìsàrun. Níbí, kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó, kò sí àtẹ̀gùn. Ẹ máa kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, bí ó ti yẹ kí àlejò ṣe níbikíbi. A kúnlẹ̀, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, a sọ ohun tí a bá wá. Bàbá kan nínú wọn wo ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ó ní, "Ìwọ náà fẹ́ lọ wò ó?" Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Inú bàbá náà dùn. Ó ní àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ yunifásítì ni wọ́n sábà máa ń wá, ọmọ Àkúrẹ́ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n fi àgbẹ̀ kan tó mọ ọ̀nà ṣìkejì wa, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Oko ni a gbà, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà igbó tó ṣú díẹ̀. A ò rí ihò títí a fi dé abẹ́ rẹ̀. Àpáta ńlá kan ló tẹ̀ síwájú lókè orí wa bí òrùlé, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, eruku rẹ̀ rí eérú. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù ju ti ìta lọ. Nígbà tí a dákẹ́, a ń gbọ́ ewé tó ń já.

Ó yẹ kí n sọ èyí fún ẹni tó bá ti wo àwòrán àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí òkúta ń kán sílẹ̀ láti òrùlé rẹ̀ bí àbẹ́là, tí wọ́n ń tan iná aláràbarà sí. Irú ìyẹn, òkúta ẹfun ló ń bí i, nítorí pé omi òjò tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú lè yọ́ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀ títí yàrá á fi ṣí nísàlẹ̀. Akọ òkúta tiwa kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Ihò tiwa, àpáta tó là tàbí tó bó tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo ni. Kò jìn wọ inú ilẹ̀, kò sì ṣókùnkùn. Lójú tèmi, ìdí gan-an tó fi dára nìyẹn. Inú òkùnkùn kọ́ ni èèyàn ń gbé. Ibi tí òjò ò ti ní pa á, tí ìmọ́lẹ̀ á tó fún un láti rí ohun tó ń ṣe, tí èéfín iná rẹ̀ á ráyè jáde, ni yóò wá. Ẹ dúró lábẹ́ àpáta Ìsàrun, ẹ ó rí i pé bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni òjò ká mọ́ igbó, ibẹ̀ náà lẹ máa sá wọ̀.

Ọdún 1965 ni Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá wú ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n wà á ní ìpele-ìpele, wọ́n ń ku gbogbo erùpẹ̀. Ohun tí wọ́n kó jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ òkúta kéékèèké tí ọwọ́ èèyàn ti bẹ́ kó lè mú. Wọ́n ń fi wọ́n bọ orí ọfà, wọ́n ń fi wọ́n gé, wọ́n ń fi wọ́n fá. Ní ìpele òkè, tí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn, pẹ̀lú àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ títí ó fi dán.

Ibi tí mo ti dúró pẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Àáké òkúta dídán yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ tó bá ń kọ ebè a máa kan án nínú oko, á sì mú un wá sílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ẹdùn ààrá ni, òkúta tí Ṣàngó jù láti ọ̀run. Ẹdùn ààrá wà lójúbọ Ṣàngó títí dòní. Mo rò ó lábẹ́ àpáta náà pé àwọn tó wá lẹ́yìn rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó lọ ṣáájú, wọn ò mọ ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe òkúta lásán. Wọn ò jù ú nù. Wọ́n gbé e sínú igbá, wọ́n ń fi orí balẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá ti gbé e jù sẹ́yìn ilé ni, àwa ìbá ti pàdánù rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ nípa ẹni náà gan-an. Nísàlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan sí ojú ilẹ̀, ni wọ́n ti kan egungun èèyàn. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun alààyè tó bá ti kú kì í gba kábọ́ọ̀nù tuntun mọ́. Oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tó ti wà lára rẹ̀ á sì máa dín kù, ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún. Bí wọ́n bá wọn èyí tó kù, wọ́n á mọ ìgbà tí igi náà kú. Èyí fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún tí ẹni yẹn ti wà níbẹ̀. Kò tíì sí Ifẹ̀ nígbà náà. Kò tíì sí iṣu nínú ebè, kò tíì sí irin, bẹ́ẹ̀ ni àwọn pírámíìdì Íjíbítì ṣì kù bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa ronú wọn.

Agbárí rẹ̀ sì ń ru àwọn onímọ̀ lójú. Ó gùn, ó sì rẹlẹ̀ lókè ju ti àwa èèyàn òde òní lọ. Lọ́dún 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún un yẹ̀ wò, wọ́n wọ̀n ọ́n fínnífínní, wọ́n rí i pé àwọn ọ̀nà kan wà tó fi jọ agbárí àwọn èèyàn tó ti kú láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìtàn èèyàn ní Áfíríkà kò lọ ní ọ̀nà tààrà kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi èèyàn ló ti ń gbé kọ́ńtínẹ́ǹtì yìí, wọ́n pàdé, wọ́n ya ara wọn, wọ́n tún dàpọ̀. Ẹ̀rí pàtàkì kan nínú ọ̀rọ̀ náà, inú igbó Ìsàrun ló ti jáde. Àwọn olùwádìí mìíràn tún padà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2023 sì fi hàn pé igbó ló yí ibẹ̀ ká ní gbogbo àkókò tí èèyàn fi ń gbé e, kódà nígbà tí ọ̀dàn ń gbilẹ̀ ní àwọn agbègbè mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé igbó kìjikìji le jù fún àwọn èèyàn ayé ọjọ́un láti gbé. Àwọn ará ibí gbé e.

Mo ń ka gbogbo èyí fún ọmọ náà láti inú ohun tí mo ti kó jọ sórí fóònù mi. Ó jókòó lórí òkúta kan, ó gbá orúnkún mọ́ra. Ó bi mí pé, "Báwo ni wọ́n ṣe bá a? Ṣé ó kàn ṣubú síbẹ̀ ni?" Mo ní rárá, wọ́n ní ṣe ni wọ́n ká a pọ̀, orúnkún sí àyà, wọ́n sì sin ín. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ta ló wá sin ín?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni. Ẹnì kan gbẹ́ ilẹ̀ láìní ọkọ́, ó fi igi àti ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ẹnì kan ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀ kó tó le. Bóyá ìyá rẹ̀ ni, bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Wọ́n sì tún ń gbé abẹ́ àpáta kan náà, wọ́n ń dáná, wọ́n ń bẹ́ òkúta, wọ́n ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ òkú wọn. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Baba bàbá mi, yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, yàrá yẹn náà la sì ń sùn nígbà tí a bá lọ sílé lọ́dún Kérésìmesì. Èèyàn tó bá fẹ́ sọ fún mi pé àwọn tó gbé ihò jẹ́ ẹranko, kó kọ́kọ́ wá dá ọmọ yìí lóhùn.

Àgbẹ̀ tó mú wa wá ti jókòó sí ìta, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Ó fún wa níbẹ̀. A jẹ ẹ́ ní ẹnu ihò. N kò rò pé àwọn tó ni ilé náà máa bínú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gun òkè, kí ẹ tó wọ ihò. Kì í ṣe nítorí agbára ẹsẹ̀ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó gun Ìdànrè lánàá á dúpẹ́ pé ọ̀nà Ìsàrun tẹ́jú. Ààfin Ọwá á ti kọ́ ojú yín láti máa wá àmì èèyàn: ibi tí wọ́n jókòó sí, ibi tí iná wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí Ìsàrun lè wo abẹ́ àpáta, kó rí eruku, kó sì padà. Oṣù Kọkànlá ló dára jù lójú mi, nígbà tí òjò ti ń dá, tí àpáta ti gbẹ, tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo òkè. Ẹ má gun Ìdànrè nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, àpáta náà ń yọ̀ burúkú. Ẹ gbé omi tó tó dání, ẹ sì gbé ọ̀rá rẹ̀ padà sílé. Ní Ìsàrun, ẹ wọ aṣọ tó bo ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ọ̀nà ṣáájú. Ẹ má ṣa òkúta kankan sápò, bó ti wù kó kéré tó. Òkúta tó bá kúrò níbi tó wà kò lè sọ ohunkóhun fún ẹni tó bá wá wà á lọ́la.

Bí a ṣe dé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, ó sì mú un lọ bá olùkọ́ ìtàn wọn. Olùkọ́ náà pè mí lórí fóònù. Àkúrẹ́ ló dàgbà sí, kò mọ̀ pé Ihò Eléérú sún mọ́ wa báyìí. Ó béèrè bóyá mo lè bá òun kó kíláàsì náà lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó gba ìsinmi. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn àgbà Ìsàrun, wọ́n ní kí a máa bọ̀. Ọkọ̀ la ń wá báyìí.